Ẹ Yọ Bírò Kúrò Lẹ́nu Sọ́kẹ́ẹ̀tì

    

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Akọ̀wé tún ti dé. Kí ló kan ìyá aláta nínú ọ̀rọ̀ plọ́ọ̀gì?" Ó kàn wá o. Bí iná bá sọ, kì í bi ìyá aláta bóyá òun náà ní fíríísà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nígbà tí Ìyálọ́jà àti àwa ìgbìmọ̀ yí ọjà ká láìpẹ́ yìí, láti ìlà àwọn ẹlẹ́ja tútù títí dé ìlà àwọn aránṣọ, ohun tí a rí kò dùn mọ́ wa nínú. A rí plọ́ọ̀gì eléyín méjì roboto tí wọ́n tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta, tí wọ́n fi ọmọrí bírò há ihò òkè kí ó lè gbà á wọlé. A rí wáyà tí kò ní plọ́ọ̀gì rárá, wọ́n bó o lórí, wọ́n ki ojú rẹ̀ bọ inú ihò, wọ́n wá fi igi ìṣáná fún un mọ́ ibẹ̀. A rí adápítọ̀ tó gun orí adápítọ̀, tí ìkẹta tún gun orí ìkejì, bí ẹni to igbá sórí àtẹ. Lára ẹyọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan yẹn náà ni fíríísà, fáànù, ṣájà fóònù bíi mélòó kan àti ẹ̀rọ POS ti ń mu iná.

A bi ìyá kan léèrè, ó ní, "Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́?" Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ sínú ìwé.

KÍ LÓ DÉ TÍ ẸNU WỌN KÒ FI BÁRA MU?

Àwa tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso lórí wa, sọ́kẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì la jogún. Plọ́ọ̀gì eléyín mẹ́ta pẹlẹbẹ tí à ń pè ní 13 amp, ọdún 1947 ni wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ìlú wọn. Kí ó tó dé, eléyín mẹ́ta roboto ni wọ́n ń lò, ó ṣì wà lára ògiri àwọn ilé àtijọ́ wa títí di òní. Àwọn ará Kútọnu àti Lomé ńkọ́? Faransé ló ṣàkóso lórí tiwọn, eléyín méjì roboto ni tiwọn. Ẹni tó bá lọ ra ẹ̀rọ ní Kútọnu, plọ́ọ̀gì Faransé ló máa gbé bọ̀ wálé.

Fíríísà tòkunbọ̀ tó wá láti Jámánì tàbí Họ́láńdì, eyín méjì roboto tó ki ló máa ń ní. Èyí tí ọmọ wa fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, eyín méjì pẹlẹbẹ tínrín ni. Púpọ̀ nínú ọjà Ṣáínà náà, pẹlẹbẹ tínrín ni. Èyí tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù bá fi ránṣẹ́ nìkan ló máa ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa wọ́ọ́rọ́wọ́. Kálukú ìlú ló ní bó ṣe ń wé gèlè rẹ̀, a kò lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo gèlè yìí bá pàdé nínú ọjà kan ṣoṣo, àfi kí a mọ bí a ó ṣe to ọ̀rọ̀ náà.

IṢẸ́ EYÍN KẸTA

Eyín òkè tó gùn ju méjì yòókù lọ lára plọ́ọ̀gì 13 amp kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Àkọ́kọ́, òun ló ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó bo ihò méjì ìsàlẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣe ìlẹ̀kùn yẹn kí ọmọdé má baà ki ìṣó bọ ibẹ̀. Ìkejì, òun ló so mọ́ wáyà tó ń wọ inú ilẹ̀. Bí iná bá ṣìnà, tó bọ́ sára irin fíríísà, wáyà yìí ló máa gbé e wọlẹ̀, fíùsì á sì já. Bí wáyà ilẹ̀ kò bá sí, ara ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan fíríísà ni iná máa gbà kọjá.

Ẹ wá wo ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja tútù. Ọwọ́ yín kì í gbẹ. Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé kì í gbẹ. Irin fíríísà lẹ sì ń ṣí, tí ẹ ń pa dé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ọjà yìí tó nílò eyín kẹta, ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin náà la sì bá bírò lọ́dọ̀ yín jù.

Bírò tí a ń fi há ihò òkè, kọ́kọ́rọ́ olè ni. Ó ṣí ìlẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò so ohunkóhun mọ́ ilẹ̀. Kì í sì í ṣe ìyẹn nìkan. Eyín roboto kì í di ihò pẹlẹbẹ mú dáadáa. Ó máa ń mì. Ibi tó bá ti ń mì, iná á máa ta pàràpàrà níbẹ̀. Ibi tí iná bá ti ń ta, á máa gbóná. Ẹ ó rí i tí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì á pọ́n, lẹ́yìn náà á dúdú, ẹ ó wá máa gbọ́ òórùn bí ìgbà tí rọ́bà ń jó. Òórùn yẹn, ìkìlọ̀ ni. Ẹ má fi tùràrí bò ó mọ́lẹ̀.

OHUN TÍ ADÁPÍTỌ̀ LÈ ṢE, ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Adápítọ̀ gidi dára. A kò bá a jà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba eyín ìlú mìíràn láti iwájú, kó sì fi eyín tiwa wọ ògiri láti ẹ̀yìn. Ẹnu ló ń yí padà. Kì í yí agbára iná padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í nìyẹn.

Iná tó ń wọ ìsọ̀ wa, 230 volt ni, àwọn kan ń pè é ní 240. Iná Amẹ́ríkà, 120 ni. Ti Jàpáánù, 100. Bí ẹ bá gbé áyọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà, tí ẹ fi adápítọ̀ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, ẹnu á bára mu, ṣùgbọ́n iná á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n ṣe é fún, ooru á sì sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Èéfín ló máa kọ́kọ́ dáhùn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, step-down ló yẹ ẹ́, ìyẹn àpótí wúwo tó ń sọ iná di kékeré kó tó dé ara ẹ̀rọ. Step-down náà gbọ́dọ̀ tó ẹrù ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ gbé lé e.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ yí ẹ̀rọ dé, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí lẹ́tà kékeré kà, kó pe ọmọ iléèwé. Bí wọ́n bá kọ 100-240V, ẹ fọkàn balẹ̀, ó gba iná gbogbo ìlú, adápítọ̀ lásán ti tó o. Ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà ló rí báyìí. Bí wọ́n bá kọ 220V, 230V tàbí 240V, ó bá tiwa mu. Bí ẹ bá rí 110V tàbí 120V nìkan, ẹ má tì í bọ ibì kankan títí ẹ ó fi rí step-down. Ẹ wò ó kí ẹ tó san owó. Ẹni tó bá tà á fún yín kò ní gbà á padà bó bá ti jó.

ORÍ FÍFẸ̀ KÌ Í ṢE AGBÁRA

Àwọn kan ń sọ pé, "Adápítọ̀ tèmi lẹ́nu márùn-ún, ó lè gbé nǹkan márùn-ún." Irọ́ ni o. Alábàárù tó lè ru àpò ìrẹsì kan, ẹ kò lè di mẹ́ta lé e nítorí pé orí rẹ̀ fẹ̀. Ẹnu adápítọ̀ ìbáà jẹ́ mẹ́wàá, ihò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń mu iná lára ògiri. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 amp kan kò gbọdọ̀ gbé ju nǹkan bí 3,000 watt lọ lápapọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni ṣírò ọjà. Fáànù kò tó 100 watt. Ṣájà fóònù kéré gan-an. Ẹ̀rọ tó ń gbóná ló ń jẹ iná. Áyọ́ọ̀nù máa ń jẹ 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́tùlù iná, ọ̀pọ̀ wọn ló ń jẹ 2,000. Kẹ́tùlù kan, áyọ́ọ̀nù kan, ẹrù ti pé. Ẹ tún wá gbé fíríísà lé e? Bí fíríísà bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, iná tó ń fà nígbà yẹn máa ń pọ̀ ju èyí tó ń fà lẹ́yìn tó bá ti jókòó lọ. Nítorí náà, kí fíríísà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kó má bá ẹnikẹ́ni pín in.

Plọ́ọ̀gì 13 amp ní fíùsì nínú, adápítọ̀ tó dáa náà ní fíùsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kú kí wáyà má baà jó. Bó bá já, ẹ ra òmíràn tó jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀. A rí àwọn tó fi bébà fàdákà inú pálí sìgá wé e. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti pa ajá tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó wá burú jù ni pé iná wa ń lọ, ó ń bọ̀. Iná á lọ nírọ̀lẹ́, aránṣọ á gbàgbé pé áyọ́ọ̀nù òun wà lára iná, á ti ìsọ̀, á lọ sílé. Lóru, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú ọjà, iná á dé. Kí ẹ̀yin fúnra yín parí ìtàn náà.

Ọjà Tejúoṣó jóná ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Ìsọ̀ àti ilé jóná ní Balógun ní Èkó ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, ọjà àwọn bàbá ńlá wa, jóná ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Mi ò sọ pé plọ́ọ̀gì ló fa èyíkéyìí nínú wọn o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjọba lè tún ọjà kọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa dá àwọn ọjà inú ìsọ̀ padà, èyí tí ìyá kan fi owó àjọ àti owó ẹ̀yáwó kó? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

ÀWÁWÍ TÍ A Ń GBỌ́

Àwọn kan ní, "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lo bírò, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, kí ẹ sì yọ ọ́. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Àwọn kan ní, "Owó dà?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló wúwo, mi ò ní fi ẹnu gbá a dànù. Nǹkan wọ́n. Ṣùgbọ́n owó plọ́ọ̀gì tuntun kan kò tó owó páálí ẹja kan tó bàjẹ́. Àwọn mìíràn ní, "Ìsọ̀ mi ni, iná mi ni." Rárá o, ìyá mi. Pákó ìsọ̀ yín ló kan pákó ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TA ADÁPÍTỌ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń ta ohun èlò iná, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju gbogbo wa lọ. A mọ̀ pé èyí tó fúyẹ́ bí ewé ló ń tètè tà, nítorí pé òun ló pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ̀yin náà mọ èyí tó dáa nínú àtẹ yín: ó wúwo lọ́wọ́, eyín rẹ̀ dúró gbọin, kì í mì nínú ihò, wọ́n kọ 13A sí i lára, ó sì ní fíùsì. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé púpọ̀ nínú èyí tí a ń pè ní universal, tó ń gba oríṣiríṣi eyín, kì í so plọ́ọ̀gì Jámánì mọ́ wáyà ilẹ̀ rárá. Ẹ máa sọ ọ́ fún oníbàárà. Ẹ má tà á fún oní fíríísà. Àjọ SON wà tó ń rí sí ìwọ̀n àti ìdáa ọjà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de SON. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Adápítọ̀ tí ẹ tà láàárọ̀, ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n máa kì í bọ̀ lọ́sàn-án.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Ní Yúróòpù, wọ́n jọ fi ẹnu kò pé láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹnu ṣájà kan náà, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Type-C. Ẹ rántí ayé Nokia ẹnu ńlá àti ẹnu kékeré, bí a ṣe máa ń wá ṣájà kiri ìsọ̀ bí ẹni wá iyọ̀. Bí odindi àwọn orílẹ̀-èdè bá lè jókòó fẹnu kò sí ẹnu kan, ọjà kan ṣoṣo lè ṣe é.

Àbá wa rèé. Ẹ̀rọ tó ń gbé ìsọ̀, tí kì í kúrò níbẹ̀, bíi fíríísà, fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù aránṣọ, kí a gé plọ́ọ̀gì àjèjì kúrò lára rẹ̀, kí oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́ fi plọ́ọ̀gì 13 amp sí i, kó sì so wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ ilé ni plọ́ọ̀gì, àlejò ni adápítọ̀. Kí a fi adápítọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń rìnrìn àjò, bíi ṣájà tí a kò lè gé ẹnu rẹ̀.

Nínú ìgbìmọ̀, àwọn kan ní kí a bu owó ìtanràn lé ẹni tí a bá bá bírò lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀la lọ. Èrò ìwé yìí yàtọ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtanràn, wọ́n á yọ bírò nígbà tí wọ́n bá rí wa lókèèrè, wọ́n á tún tì í padà bí a bá ti kọjá. Kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ fi owó àpò wa gba oníṣẹ́ iná méjì, kí wọ́n máa lọ láti ìlà dé ìlà. Kí kálukú ra plọ́ọ̀gì tirẹ̀, kí ẹgbẹ́ san owó iṣẹ́. Ẹni tí kò bá lágbára, kó san díẹ̀díẹ̀ bí ẹni dá àjọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí ọjà ká tán, ẹni tí a bá tún bá bírò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ìtanràn wá jẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ aláṣẹ ẹgbẹ́. Èyí la máa dìbò lé lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ má fi ọmọ rọ́pò ara yín, ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá.

Kí ìpàdé tó dé, nǹkan mẹ́ta yìí kò gba owó. Ẹ yọ bírò àti igi ìṣáná lónìí. Ẹ má gbé adápítọ̀ gun adápítọ̀. Bí ẹ bá ń ti ìsọ̀, kí iná wà tàbí kó má sí, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti ṣájà kúrò lára ògiri. Bí iná bá sì sọ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má da omi sí i o. Ẹ pa iná láti orísun, ẹ da iyanrìn gbígbẹ lé e, kí ẹnìkan sì pe 112 kíá fún àwọn panápaná.

Olúwa á bá wa ṣọ́ ọjà wa. Iná kò ní jó èrè wa, kò ní jó ọmọ wa. A ó ko èrè délé láyọ̀ o. Àṣẹ.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé